Ohùn Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ìsàlẹ̀ Ilé Alájà Méjì,
Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Àtijọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága àti Àwọn Ọmọ Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé-Ìwòsàn Etí, Imú àti Ọ̀fun,
Òpópónà Ilé-Ìwòsàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE JẸ́ KÍ WỌ́N PA OHUN INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ Ọ̀DẸ̀DẸ̀ Ẹ̀KA ÌTỌ́JÚ OHÙN RẸ́

1. Èmi ni ọkọ obìnrin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní Àǹtí Agogo, olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, ẹni tí àwọn dókítà yín yọ gògóńgò rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ìyàwó mi wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń rìn, ó sì ń bá mi jà lórí ohun tí kò tó nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń jà á báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún èyí tọkàntọkàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ kò yí ọpẹ́ náà padà.

2. Ní kúkúrú, ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá nìyí. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú sítọ́ọ̀ yín tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ lára pé kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí wọ́n lè gbé e lọ sórí tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n ti sọ fún yín pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Nǹkan wà nínú rẹ̀. Ohùn àwọn ènìyàn tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láyé ló wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì pa á rẹ́, kò sí ibi tí a ó ti lọ wá òmíràn. Ìyókù lẹ́tà yìí, àlàyé bí mo ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

3. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín má tíì ráyè dé ẹ̀ka ìtọ́jú ohùn rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Bí dókítà bá ti sọ fún ènìyàn pé gògóńgò rẹ̀ yóò kúrò, olùtọ́jú ohùn á pè é wá kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má bàa wọlé, wọ́n sì fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé wọ máìkì lórí kí èémí má bàa bà á jẹ́. Aláìsàn á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á máa sọ àwọn gbólóhùn tó rò pé òun máa nílò lẹ́yìn ọ̀la. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan á ní bọ́tìnì tirẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá ti jinná, á padà wá, wọ́n á da àwọn ohùn náà sínú tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré kan fún un. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti tẹ bọ́tìnì, ohùn ara rẹ̀ ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run san án fún un.

Àwọn kan wà tí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn wọn kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré náà kọjá, àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀rù ilẹ̀kùn títì ń bà. Kọ̀ǹpútà kejì wà fún àwọn wọ̀nyí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí èmi fúnra mi rán láìgba nǹkan kan. Òun ni mò ń pè ní kọ̀ǹpútà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

4. Yàrá kékeré ni ìyàwó mi lò. Ó lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án mélòó kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Èmi jókòó síta, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan, fóòmù yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà sílé ló ti ń sọ díẹ̀ fún mi nínú ohun tó gbà sílẹ̀. Àwọn tó wúlò wà níbẹ̀: "Ẹ bá mi bu omi." "Ibí ló ń dùn mí." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́." Ṣùgbọ́n àwọn tí kò wúlò ló pọ̀ jù: "Bàbá Aránṣọ, ṣòkòtò gbogbo ayé lẹ̀ ń rán, tiyín ló ya nídìí." "Mo gbọ́ yín o, mi ò kàn fẹ́ dáhùn ni." Olùtọ́jú ohùn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú òun, àwọn sì ní láti tún àwọn gbólóhùn kan gbà nítorí ẹ̀rín tó wọ inú wọn.

Ìyàwó mi ní ọ̀kan wà tí òun kò ní sọ fún mi, pé kí n ní sùúrù di ọjọ́ tí òun bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Mo ní sùúrù. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dojú rú, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ.

5. Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, a padà wá. Mo wọ ẹ̀wù tí mo fi gbé e níyàwó, torí ọjọ́ ayọ̀ ni mo kà á sí. Olùtọ́jú ohùn tan kọ̀ǹpútà. Ojú-ìwé tí àwọn bọ́tìnì máa ń wà lórí rẹ̀ jáde bó ṣe máa ń jáde, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Orúkọ ìyàwó mi kò sí níbẹ̀, ti ẹnikẹ́ni kò sì sí. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó sáré lọ wo ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bákan náà ni. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún kí ó tó kan àwa.

6. Ó mú wa lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka àkọsílẹ̀. Ọ̀gá náà gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún ìyàwó mi ní àga tirẹ̀. Ó wo ojú-ìwé náà fúnra rẹ̀, ó ní dátà ti bàjẹ́, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé: "Kò burú, Màmá. Ẹ kàn jókòó kí wọ́n tún un gbà sílẹ̀."

Ìyàwó mi mú pátákó kékeré tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ jáde nínú báàgì, ó kọ nǹkan sí i, ó sì kọjú rẹ̀ sí ọ̀gá náà. Ohun tó kọ ni: "Ẹ yá mi ní tiyín." Ọ̀gá náà ka ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì dorí kodò. Mo rí i pé ó dùn ún. Kì í ṣe ènìyàn búburú, mo sì kábàámọ̀ pé mo pariwo lé e lórí lọ́jọ́ náà, níwájú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ bá mi tọrọ àforíjì.

7. Nítorí pé ó gbà lóòótọ́ pé kò sí nǹkan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà mọ́, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fọ̀ wọ́n mọ́, ìyẹn kí wọ́n pa gbogbo ohun inú wọn rẹ́, kí wọ́n lè wúlò fún iṣẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni wọ́n fọ ti yàrá kékeré. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n yọ wáyà rẹ̀, wọ́n gbé e wọ sítọ́ọ̀, torí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín lọ sí ìsinmi. Ìsinmi rẹ̀ ló gba àwọn tó kù là títí di òní. Lọ́jọ́ Ẹtì ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́.

8. Ọmọbìnrin tó kọ ojú-ìwé náà fún yín ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Nígbà tí olùtọ́jú ohùn pè é, ó wá láìṣe pé ẹnikẹ́ni san nǹkan fún un, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó tún àlàyé rẹ̀ ṣe títí ó fi yé mi. Bí ó ṣe yé mi nìyí. Bí mo bá ṣì í sọ, èmi ni mo ṣì í, kì í ṣe òun.

Àwọn àṣẹ tó ń darí ojú-ìwé yẹn kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ńlá ilé-ìwòsàn. Inú búráúsà, ìyẹn ohun tí a fi ń wo ojú-ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Inú àká tí búráúsà ní lórí kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni wọ́n sì ń kó ohùn sí, tí wọ́n sì ti ń mú un jáde. Ọmọbìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé-ìwòsàn ń lọ ó ń bọ̀, àwọn aláìsàn náà kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú ilé wọn máa rìn kiri. Ṣùgbọ́n búráúsà ní òfin kan: àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ kí ojú-ìwé tó jáde, ló ní àká tirẹ̀, ojú-ìwé tó bá sì ti àdírẹ́sì kan wá kò lè ṣí àká àdírẹ́sì mìíràn. Òfin tó dára ni, torí òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tí kò yẹ máa fi ojú-ìwé tirẹ̀ tú ẹrù ẹlòmíràn.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, nọ́ńbà gbọọrọ kan ni àdírẹ́sì ojú-ìwé náà. Ọ̀gá àkọsílẹ̀ rí i pé nọ́ńbà yẹn kò bójú mu, ó sì fi orúkọ ilé-ìwòsàn rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Láti ọjọ́ yẹn, ojú-ìwé kan náà ń gba àdírẹ́sì tuntun wọlé, búráúsà sì ń ṣí àká tuntun fún un. Kò sí nǹkan nínú àká tuntun, torí kò sẹ́ni tó tíì kó nǹkan sí i. Bí mo bá kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, tí oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù tuntun tí kò rí aṣọ rẹ̀, aṣọ náà kò jóná. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, lórí ìṣó tí mo fi kọ́.

Ọmọbìnrin náà ní ká ní ẹnikẹ́ni dá àdírẹ́sì àtijọ́ padà lọ́jọ́ tí a wá, kódà fún wákàtí kan, gbogbo bọ́tìnì wọ̀nyẹn ni ìbá jáde. Ẹ̀yin Ọ̀gá, èyí ni kì í jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ohùn ìyàwó mi wà nínú ẹ̀rọ tí gbogbo wa rọ̀gbà yí ká tí à ń wò. Ìgbà tí a bá ilé lọ ni wọ́n tó pa á rẹ́.

9. Ní tiwa, ẹ̀wù kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ọmọbìnrin náà yẹ kọ̀ǹpútà yàrá kékeré wò, ó ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ kanlẹ̀. Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé kò sí ohùn rẹ̀ nínú fóònù ẹnikẹ́ni ni. Kò sí. Èmi àti òun àti ọmọ wa kan ṣoṣo la jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ẹni tó wà ní yàrá kejì, ènìyàn kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Ṣe ni a máa ń pariwo pe ara wa. Ariwo rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé òkè, wọ́n sì máa ń ṣàwàdà pé agogo ilé-ìwé ti lù. Kò sẹ́ni tó ronú láti tọ́jú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó rò pé ó lè tán. Ó dùn mí púpọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ kó jọ lẹ́tà tó yẹ ìgbìmọ̀, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

10. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe gbé e. Ìyá àgbà kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn wà nínú rẹ̀. Gbogbo àdúrà tó máa ń ṣe fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kà sí i. Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò gba nǹkan mìíràn sílẹ̀ ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Bíríkìlà kan tún wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin fìrìgbọ̀n tó lè jẹ́ ọmọ wa, tó ń gun òkè ilé alájà mẹ́fà láìwo ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè jókòó sí yàrá tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ ọmọbìnrin wọn ni. Gbogbo wọn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Àwọn kan ń retí ọjọ́ tí wọn yóò padà wá gba ohùn wọn, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ti rí báyìí.

Ọmọbìnrin tó kọ ojú-ìwé ti kọ̀wé sí ẹ̀ka àkọsílẹ̀. Èsì tó rí gbà ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, pé tábìlì ìforúkọsílẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ pé òun kò ní agbára lórí rẹ̀, àyàfi ìgbìmọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin gan-an.

11. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ìwé tó wà lára kọ̀ǹpútà náà kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, kí sítọ́ọ̀ sì wà ní títì. Ẹ fún ọmọbìnrin tó kọ ojú-ìwé àti olùtọ́jú ohùn láyè láti dá àdírẹ́sì àtijọ́ padà, kí wọ́n sì ṣí i níṣojú ẹnì kan nínú yín. Kí wọ́n da ohùn kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ń wá, ọmọ wa ní ọ̀kan tí kò lò mọ́, a ó gbé e wá fún yín.

Mi ò fẹ́ kí ẹ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yí orúkọ padà, ó fẹ́ kí ilé-ìwòsàn yín dára lójú ni. Kò mọ̀ pé ẹrù wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Kí ẹ kàn pa á láṣẹ láti òní lọ pé kí wọ́n tó yí àdírẹ́sì ojú-ìwé kankan padà, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó ibi tí ohun inú rẹ̀ wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

12. Ó ku ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn kí ẹ sì rò pé mo fi í pamọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ìyàwó mi, bíríkìlà náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú máìkì, kò sì lè sọ ohunkóhun. Olùtọ́jú ohùn ti tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ ti ń gba ohùn, ọkùnrin náà kàn ń mí ni. Ìyàwó mi ń kọjá lọ, ó sì jókòó tì í. Ó bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ìyá wọn bá kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé-ìwé. Ó ní: "Gbójú sókè. Kì í ṣe ẹ̀rọ lò ń bá sọ̀rọ̀. Ta lo fẹ́ kó máa sáré pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà bó bá dàgbà? Pè é kí n gbọ́." Ọkùnrin náà sì pe ọmọ rẹ̀.

Olùtọ́jú ohùn sọ fún mi pé òun kò gé e. Ó tọ́jú gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ bíríkìlà, láti ìgbà tó ń mí títí dé ìgbà tó pe ọmọ. Nítorí náà, bí àká yẹn bá ṣí, ohùn ìyàwó mi wà nínú rẹ̀, ìwọ̀nba tí ènìyàn fi ń tu ẹlòmíràn nínú. Kò sí níbòmíràn mọ́ láyé. Ẹ lè sọ pé tara mi ni mò ń wá, mi ò sì lè bá yín jiyàn.

Mo bi ìyàwó mi bóyá kí n tọrọ rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, kí wọ́n jẹ́ kí àwa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó mú pátákó rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé: "Tirẹ̀ ni. Mo ti fún un."

Torí náà, mi ò tọrọ rẹ̀. Ẹ fún bíríkìlà ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ sáà má pa á rẹ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Bàbá Aránṣọ,
Ọkọ Àǹtí Agogo.